Ọmọlanke Ẹ̀gbẹ́ Ògiri

Bridget ló kọ́kọ́ rí òkú náà. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ní oṣù kẹta ọdún 1995, ooru sì mú débi pé ọ̀dà ojú títì Kakuri ní Kaduna ń rọ̀ lábẹ́ bàtà. Nígbà tí aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú, ọ̀dọ́mọbìnrin akọ̀wé yìí mú ìwé ẹrù dání, ó wọ ilé ìkẹ́rùsí iléeṣẹ́ aṣọ tó ti ń ṣiṣẹ́, ó ń pe Díákónì Olúdayọ̀ Adélẹ́yẹ, ọkùnrin tí gbogbo kọ́kọ́rọ́ iléeṣẹ́ náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Kò gbọ́ ohùn kankan. Ó rìn gba àárín àwọn ìdì aṣọ tí wọ́n tò ga bí ògiri, ó sì rí bàtà kan nílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ pé kí òun gbé e. Ìgbà náà ló rí i pé ẹsẹ̀ wà nínú bàtà ọ̀hún.

Nígbà tí Ìnspẹ́kítọ̀ Hassanat Àjíbọ́lá fi máa dé, àwọn òṣìṣẹ́ ti kún ẹnu ọ̀nà fọ́fọ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì ni obìnrin yìí. Ìlọrin ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Doka ní Kaduna ni wọ́n bí i sí, Hausa sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu bí Yorùbá. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn tó ti bọ́ sí i lọ́wọ́ rí máa ń sọ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ń dẹ́rù ba àwọn ju kóńdó àwọn yòókù lọ.

Ó lóṣòó ti òkú náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fi nǹkan tó wúwo lu Díákónì lẹ́yìn orí. Aago ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, ìdì kọ́kọ́rọ́ wà ní ìgbànú rẹ̀. Wọn kò tú ìdì aṣọ kankan.

"Kì í ṣe olè," ó sọ fún Sájẹ́ǹtì Ọláoyè tó dúró lẹ́yìn rẹ̀. "Díákónì fúnra rẹ̀ ni ẹni náà wá bá."

Ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ náà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í yéé nu gíláàsì ojú rẹ̀, sún mọ́ wọn. "Ìnspẹ́kítọ̀, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú," ó ní. "Kámẹ́rà wa ti mú ẹni tó ṣe é."

Kámẹ́rà yìí ni wọ́n fi ń yangàn nígbà náà. Ìwọ̀nba ni iléeṣẹ́ tó ní irú rẹ̀ ní Kaduna. Wọ́n gbé e sórí òpó táǹkì omi, ojú rẹ̀ sì gbòòrò débi pé òun nìkan ń rí gbogbo àgbàlá láti géètì dé ilé ìhunṣọ, láti mọ́ṣáláṣí dé ilé aró tó jóná. Wáyà kan gbé àwòrán rẹ̀ wá sínú yàrá kékeré kan, níbi tí Malam Abdulkadir, sójà àtijọ́ tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, máa ń jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n látàárọ̀. Fídíò wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà tó ń ká gbogbo rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì.

"Ranki ya daɗe," bàbá náà kí Hassanat pé kí ẹ̀mí rẹ̀ gùn, ó sì fi kásẹ́ẹ̀tì sí i.

Àgbàlá tó wà nínú àwòrán náà ṣófo. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa ń pa ẹ̀rọ láti aago méjìlá ààbọ̀ títí di aago méjì kọjá. Àwọn Mùsùlùmí á lọ kírun, àwọn yòókù á lọ jẹun lábẹ́ àwọn igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé ìhunṣọ, níbi tí kámẹ́rà kò dé. Nígbà tí aago kan kọjá ogójì ìṣẹ́jú, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ aṣọ mégáàdì dá àgbàlá kọjá, ó wọ ilé ìkẹ́rùsí láti ẹnu ọ̀nà iwájú, ó sì jáde lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta pẹ̀lú ìkánjú.

"Jàmàlúdéènì nìyẹn," ọ̀gá àgbà sọ. "Láti aago méjìlá ààbọ̀ títí wọ́n fi kírun tán, òun nìkan ló débẹ̀. Àti pé ní Ọjọ́rú, níwájú gbogbo ènìyàn, ó sọ fún Díákónì pé Ọlọ́run yóò bi í ní ohun tó ṣe."

"Kí ni Díákónì ṣe?"

Ọ̀gá àgbà yọ gíláàsì rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. "Ọ̀rọ̀ iná ilé aró ni. Obìnrin mẹ́rin kú síbẹ̀ nínú oṣù kejìlá. Ìgbìmọ̀ olùwádìí yóò jókòó lórí rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ẹ mọ bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń wá ẹni tí wọ́n á di ẹ̀bi rù."

*

Oòrùn kò tíì wọ̀ tí wọ́n fi mú Jàmàlúdéènì dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ọmọ Ìlọrin, ojú rẹ̀ sì jìn wọnú bíi ti ẹni tó ti pẹ́ tó ti sùn dáadáa.

"Ẹ̀gbọ́n, wallahi, mi ò fọwọ́ kàn án."

"Kí lo wọlé lọ ṣe?"

"Mo fẹ́ tọrọ àforíjì ni. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní Ọjọ́rú ń dà mí láàmú. Mi ò fẹ́ gbé e lọ sórí ìrun. Mo wọlé, mo pè é, kò dáhùn. Mo tún pè é. Mo rò pé kò fẹ́ dá mi lóhùn ni, mo bá sáré lọ sí mọ́ṣáláṣí kí wọ́n tó parí."

"Kí ló dé tó o fi sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí i?"

Ọmọkùnrin náà wo ilẹ̀. "Bilqees wà lára àwọn mẹ́rin yẹn. Lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀ tó kọjá yìí ló yẹ ká so yìgì. Àwọn tó rí iná náà ní àwọn gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Wọ́n ti tì í láti ìta, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ Díákónì. Ṣùgbọ́n ó ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, pé àwọn ọmọbìnrin náà ló kó jìnnìjìnnì tí wọn ò mọ ọ̀nà mọ́."

Hassanat kọ orúkọ Bilqees sílẹ̀. Ó jáde síta, kọmíṣọ́nà ọlọ́pàá sì ń dúró dè é lórí fóònù.

"Díákónì ìjọ Sabon Tasha ni wọ́n pa, Mùsùlùmí sì ni ẹni tẹ́ ẹ mú," kọmíṣọ́nà ní. "Ọdún mẹ́ta péré rèé tí a kó òkú ní ìgboro yìí. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń kóra jọ lọ́nà Kachia. Mo fún yín di ọjọ́ Àìkú. Tẹ́ ẹ bá rí ẹlòmíràn, ó dáa. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ kọ orúkọ ọmọkùnrin yẹn sílẹ̀ fún ilé ẹjọ́ kí ọkàn ìlú balẹ̀."

Hassanat padà sí iléeṣẹ́ náà. Ó pe Bridget sínú ọ́fíìsì. Ìhà gúúsù Kaduna ni ọmọbìnrin náà ti wá, ṣùgbọ́n àárín àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ní Sabon Tasha ló dàgbà sí, Yorùbá rẹ̀ sì já geere.

"Ìgbà wo lo gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́yìn?"

"Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mà. Mo pè é lórí fóònù láti béèrè iye ìdì tó máa jáde lọ́jọ́ Ajé. Ó dá mi lóhùn. Nígbà tó di aago kan ààbọ̀ mo tún pè é, fóònù dún títí, kò gbé e."

"Ṣé ó máa ń kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀?"

"Rárá o. Ibẹ̀ náà ló ti máa ń jẹun."

Hassanat kọ ọ́ sílẹ̀. Bí Díákónì bá ti kú nígbà tí aago kan ààbọ̀ lù, òkú ni Jàmàlúdéènì wọlé lọ pè. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí kọmíṣọ́nà yóò sọ: bóyá ọkùnrin náà lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Bridget ṣì jókòó, ó ń ká etí gèlè rẹ̀ mọ́ ìka bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kù sí lẹ́nu.

"Ṣé nǹkan mìíràn wà?"

"Kò sí, mà," ó ní, ó sì dìde kíákíá.

Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí ilé ìkẹ́rùsí ló kàn. Ìbéèrè kúkúrú ni Hassanat ń bi wọ́n: níbo lo wà, ta ló rí ọ? Obìnrin kẹfà ni Fẹ́yìsayọ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni bí ogójì ọdún tó ń kó pàǹtí òwú láti ilé ìhunṣọ. Apá rẹ̀ le, ojú rẹ̀ tutù.

"Abẹ́ máńgòrò ni mo wà, mo ń jẹun. Nígbà tí aago méjì kọjá, mo padà wá gbé ọmọlanke mi ní ẹnu ilé ìhunṣọ, mo lọ da pàǹtí nù."

"Ta lẹ jọ jẹun?"

"Èmi nìkan ni. Láti ìgbà tí àbúrò mi ti kú, mi ò kì í fẹ́ gbọ́ ariwo."

"Àbúrò yín wà nínú iná yẹn?"

"Olúwatómisìn. Èmi ni mo mú un wá láti ilé pé kó wá ṣiṣẹ́. Ọmọ ogún ọdún." Ó ṣa òwú kan kúrò lára aṣọ rẹ̀. "Wọ́n ní ẹ ti mú ẹnì kan?"

"Jàmàlúdéènì mégáàdì."

Obìnrin náà gbójú sókè, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀, ó tún pa á dé. Hassanat rí i. Ó kà á sí àánú: àwọn méjèèjì ni iná kan náà bà jẹ́.

*

Láàárọ̀ Sátidé, ó ní kí Malam Abdulkadir tún gbé kásẹ́ẹ̀tì náà wá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì rí ẹ̀dá mìíràn tó sún mọ́ ilé ìkẹ́rùsí yàtọ̀ sí Jàmàlúdéènì. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ta á.

"Malam, kí ló dé tí ògiri yìí fi tẹ̀ bí ọrun?"

"Bí ojú kámẹ́rà ṣe gbòòrò ni, Hajiya. Ohun tó bá wà láàárín máa ń tóbi, ó máa ń hàn dáadáa. Ohun tó bá wà létí àwòrán á tẹ̀, á kéré. Ní ẹ̀gbẹ́ yìí, ènìyàn kì í ju ẹ̀pà lọ."

"Ìwọ tó o ń wò ó látàárọ̀, kí lo máa ń wò?"

Bàbá náà rẹ́rìn-ín ìtìjú. "Ohun tó bá ń rìn ni mo máa ń wò. Ojú ènìyàn kì í dúró lára ohun tó wà lójú kan."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Hassanat lára. Ó rán Sájẹ́ǹtì Ọláoyè lọ ra ọ̀rá tó mọ́ gaara tí wọ́n fi ń bo ìwé, àti máákà pupa. Ó lẹ ọ̀rá náà mọ́ ojú tẹlifíṣọ̀n. Ó wá dá kásẹ́ẹ̀tì dúró nígbà tí aago méjìlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú, ó sì fi máákà yí gbogbo ohun tó wà ní àgbàlá po: àgbá, àkàbà, ìdì igi, àwọn ọmọlanke pàǹtí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó sún kásẹ́ẹ̀tì síwájú ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ó tún dá a dúró.

Àgbá wà nínú ìlà rẹ̀. Àkàbà wà nínú ìlà rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ òsì, lójú ibi tí ògiri ti tẹ̀, ọmọlanke kan ti yọ díẹ̀ kúrò nínú ìlà pupa, bí èékánná.

Ó tún fa ìlà sí i, ó tún sún kásẹ́ẹ̀tì. Ọmọlanke náà tún ti yọ. Sájẹ́ǹtì Ọláoyè tẹ orí sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí aago kan yóò fi kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìlà pupa ti tò tẹ̀lé ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí ipa ìgbín, ọmọlanke tó wà lẹ́nu ilé ìhunṣọ tẹ́lẹ̀ sì ti dúró gbọnrangandan níwájú ilẹ̀kùn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkẹ́rùsí.

"Astaghfirullah," Malam Abdulkadir sọ. "Ìṣojú mi ni nǹkan yìí ṣe rìn kọjá."

"Ènìyàn ló ń tì í," Hassanat ní. "Ó wà láàárín ọmọlanke àti ògiri, ó sì ta tapólì bo ara rẹ̀. Bó bá rìn ní ìgbésẹ̀ kan, á dúró fún ìṣẹ́jú kan."

"Ṣùgbọ́n ta ni?" Sájẹ́ǹtì béèrè. "A ò rí orí, a ò rí ẹsẹ̀."

"A ò ní rí i bó ṣe dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe kúrò."

Ó sún kásẹ́ẹ̀tì dé aago méjì kọjá. Àwọn olùkírun tú jáde, àwọn tó jẹun dé, àgbàlá kún. Nígbà tí aago méjì kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, láàárín gbogbo ìrọ́kẹ̀kẹ̀ yẹn, obìnrin kan nàró lẹ́yìn ọmọlanke náà, ó tì í wọ àárín èrò, ó sì gba iwájú kámẹ́rà kọjá lọ sí ilé pàǹtí láìyára, láìfà sẹ́yìn. Láàárín àwòrán, ojú rẹ̀ hàn kedere. Fẹ́yìsayọ̀ ni.

Hassanat yí kásẹ́ẹ̀tì padà sẹ́yìn. Ó tọ ipasẹ̀ gbogbo ẹni tó wọ àgbàlá lọ́sàn-án yẹn pẹ̀lú máákà, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ọ̀rá náà fi pọ́n. Kò sí ibì kankan tí Fẹ́yìsayọ̀ ti rìn wá síbi ọmọlanke náà. Ó kúrò níbi tí kámẹ́rà kò rí i kó dé.

Ó yíjú sí bàbá àgbà náà. "Malam, ẹni tó ṣe èyí mọ àwòrán yìí dunjú. Ta lo fi hàn?"

Omi lé ròrò sójú Abdulkadir. Ó ní lẹ́yìn iná yẹn ni Fẹ́yìsayọ̀ wá bẹ òun pé kí òun jẹ́ kó wo kásẹ́ẹ̀tì ọjọ́ náà, bóyá yóò rí àbúrò rẹ̀ níbi tó ti ń sá jáde. Àánú ṣe òun. Ọjọ́ mẹ́fà ló fi wá ní àkókò ìjẹun, ó ń wò ó, ó ń dá a padà, ó tún ń wò ó. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé aró wà ní ẹ̀gbẹ́ àwòrán, ó kéré bí ìṣáná. Kò ṣí rárá. Èéfín nìkan ló ń gba abẹ́ rẹ̀ jáde.

"Ní ọjọ́ kẹfà, ó fi ìka tọ́ka sí nǹkan kan tí èmi ò rí rí. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kí iná tó sọ, Díákónì Olúdayọ̀ lọ síbi ilẹ̀kùn náà, ó fi àgádágodo tì í. Fẹ́yìsayọ̀ kò sunkún. Ó kàn dìde, ó lọ."

"Kásẹ́ẹ̀tì yẹn dà?"

"Ọ̀gá àgbà ní kí n ká nǹkan mìíràn lé e lórí. Mo ká a lé e." Ó bo ojú rẹ̀. "Hajiya, ọmọ méje ni mo bí."

*

Sájẹ́ǹtì Ọláoyè àti ọlọ́pàá méjì fi ìyókù ọjọ́ Sátidé tú ilé pàǹtí. Láàárọ̀ Àìkú, wọ́n rí irin gígùn kan tí wọ́n fi ń já okùn ìdì aṣọ, tí wọ́n fi òwú wé, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ ọn. Hassanat ń wo irin náà lọ́wọ́ nígbà tí Bridget dé sí àgọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú Bíbélì àti àpò ìwé kan.

"Mà, mo purọ́ fún yín. Mo ní kò sí nǹkan mìíràn." Ó na àpò ìwé náà sí i. "Ní Ọjọ́bọ̀, Díákónì ní kí n bá òun fi ẹ̀rọ tẹ èyí, kí n má jẹ́ kí ọ̀gá àgbà rí i. Lẹ́yìn tí wọ́n pa á, ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé tìtorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe pa á, pé èmi ló kàn."

Hassanat kà á lórí ìdúró. Nígbà tó kà á tán, ó jókòó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó ní kí wọ́n pe Fẹ́yìsayọ̀ wá sí yàrá kámẹ́rà. Obìnrin náà wá tààrà láti ṣọ́ọ̀ṣì, nínú aṣọ funfun. Ọ̀gá àgbà wà níbẹ̀, Malam Abdulkadir wà níbẹ̀, Sájẹ́ǹtì sì dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n," Hassanat sọ. "Ẹ sọ fún mi pé ẹnu ilé ìhunṣọ lẹ ti gbé ọmọlanke nígbà tí aago méjì kọjá."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó tan tẹlifíṣọ̀n. "Ẹnu ilé ìhunṣọ nìyí. Ó ṣófo láti aago kan kù díẹ̀. Ọmọlanke yín ti kúrò níbẹ̀. Ẹ wo àwọn ìlà pupa yìí. Gbogbo wa ń wá ẹni tó rìn wọ ilé ìkẹ́rùsí, a sì rí ẹnì kan ṣoṣo tó rìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ń wá kò rìn lójú wa. Ó ń sún. Ó mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ àwòrán kì í fi nǹkan hàn dáadáa, ó sì mọ̀ pé ojú Malam kì í dúró lára ohun tó bá jọ pé kò kúrò lójú kan. Díákónì gbé fóònù nígbà tí aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọmọlanke dé ilẹ̀kùn kékeré ní ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn náà. Ní aago kan ààbọ̀, kò sí ẹni tó lè gbé fóònù mọ́. Jàmàlúdéènì kò tíì dé ibẹ̀ nígbà yẹn." Ó dá àwòrán dúró sójú Fẹ́yìsayọ̀ níbi tó ti ń ti ọmọlanke láàárín èrò. "Ibẹ̀ lẹ ti ń kúrò yìí, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi bí ẹ ṣe débẹ̀ hàn mí."

Fẹ́yìsayọ̀ wo àwòrán ara rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. "Ọmọlanke ni mo ń tì. Iṣẹ́ mi ni."

Sájẹ́ǹtì gbé irin náà sórí tábìlì. Fẹ́yìsayọ̀ kò wò ó.

"Ẹ wà nínú ilé ìkẹ́rùsí nígbà tí Jàmàlúdéènì wọlé," Hassanat ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Àforíjì ló wá tọrọ. Ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kú sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kan náà pẹ̀lú àbúrò yín. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń pe Díákónì. Lọ́la wọn á gbé e lọ sílé ẹjọ́, ikú sì ni òfin ní kí wọ́n fi san án."

Obìnrin náà yíjú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ló pè é," ó sọ níkẹyìn. "Mo wà lẹ́yìn ìdì aṣọ. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó máa lọ. Mi ò mọ̀ pé òun ni wọ́n máa mú. Nígbà tí ẹ dárúkọ rẹ̀ fún mi, ọ̀rọ̀ dé ẹnu mi, kò jáde." Ó gbé ojú sókè. "Mo wo ilẹ̀kùn yẹn fún ọjọ́ mẹ́fà, Ìnspẹ́kítọ̀. Mo mọ bí èéfín ṣe ń gba abẹ́ rẹ̀ jáde. Mo lọ bá ọkùnrin yẹn lẹ́yìn ìsìn, mo ní, Díákónì, mo rí yín, ẹ sọ òtítọ́ níwájú ìgbìmọ̀. Kò dá mi lóhùn. Ó wọ ilé Ọlọ́run padà, ó ń kọrin. Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n ti nu kásẹ́ẹ̀tì, mo mọ̀ pé lọ́jọ́ Ajé yóò dúró níbẹ̀, yóò tún sọ pé Tómisìn ni kò mọ ọ̀nà. Mo ní kò ní sọ ọ́."

"Kò ní sọ ọ́ mọ́ tẹ́lẹ̀," Hassanat ní.

Ó fa ìwé Bridget yọ, ó sì kà á sókè. Díákónì Olúdayọ̀ kọ ọ́ pé òun ló ti ilẹ̀kùn ilé aró láàárọ̀ ọjọ́ iná. Pé ọ̀gá àgbà ló pàṣẹ rẹ̀, nítorí ó ní àwọn obìnrin ń gba ibẹ̀ jáde lọ sinmi. Pé òun ti parọ́ fún oṣù mẹ́ta, òun kò sì lè sùn mọ́ láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n Olúwatómisìn ti bá òun sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìsìn. Ó ní òun yóò ka ìwé náà fúnra òun níwájú ìgbìmọ̀, òun yóò sì buwọ́ lù ú níbẹ̀.

Ọ̀gá àgbà dìde. "Ìwé tí kò ní ìbuwọ́lù! Ẹnikẹ́ni ló lè tẹ̀ ẹ́!"

Ohùn kan jáde lẹ́nu Fẹ́yìsayọ̀ tí kì í ṣe ẹkún, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ó rọra bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó sì fi iwájú orí kanlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Malam Abdulkadir yíjú sí ògiri.

*

Wọ́n tú Jàmàlúdéènì sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kò bi wọ́n léèrè ẹni tó ṣe é. Ó ti gbọ́. Ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá, ó wo ọ̀nà tó lọ sí géètì iléeṣẹ́ rẹ̀, ó sì gba òdì kejì.

Ní ọjọ́ Ajé, Hassanat gbé ìwé náà lọ síwájú ìgbìmọ̀ olùwádìí. Ohun tó ń bà á lẹ́rù náà ló ṣẹlẹ̀. Lọ́yà ọ̀gá àgbà ní ẹni tó ti kú kò lè jẹ́rìí, ìwé tí a kò buwọ́ lù kì í ṣe ẹ̀rí, kásẹ́ẹ̀tì kò sì sí. Alága ìgbìmọ̀ wo ìwé náà síwá sẹ́yìn, ó fẹ́ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìgbà náà ni Malam Abdulkadir dìde láàárín èrò, ó bọ́ fìlà rẹ̀.

"Èmi wà láàyè," ó sọ ní Hausa. "Mo rí ẹni tó ti ilẹ̀kùn náà. Èmi ni mo nu kásẹ́ẹ̀tì, ẹni tó sì ní kí n nù ún jókòó síbẹ̀ yẹn."

Wọ́n fi í búra. Wákàtí méjì ni lọ́yà fi lọ ọ́ síwá sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yẹ̀. Kí wọ́n tó tú ká, Sájẹ́ǹtì Ọláoyè ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá àgbà pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà, iléeṣẹ́ náà dá bàbá ọlọ́mọ méje yìí dúró lẹ́nu iṣẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Hassanat lọ sí yàrá ìtìmọ́lé àwọn obìnrin. Kò sí ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ ní kó lọ ṣe níbẹ̀ mọ́. Fẹ́yìsayọ̀ jókòó sórí ẹní, ó ti bọ́ gèlè. Hassanat jókòó tì í, ó sọ gbogbo bó ṣe lọ fún un, láìfi ohunkóhun pamọ́, láìfi ọ̀rọ̀ dídùn kankan kún un.

"Ìwé Díákónì yẹn," Fẹ́yìsayọ̀ béèrè, "ṣé ó dárúkọ Tómisìn?"

"Ó dárúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó kọ ọ́ pé ilẹ̀kùn náà kò ṣí, pé wọ́n mọ ọ̀nà dáadáa."

Fẹ́yìsayọ̀ mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń jẹ́ iṣẹ́ fún láti ọ̀nà jíjìn. Ó yí ojú sí ògiri. Ó pẹ́ kí Hassanat tó dìde níbẹ̀.